Olofua àti Ọpẹ́yọrí: Èèyàn méjì, máàkì kan

Ní ìdíje Òlíńpíìkì ìlú Tokyo, èyí tí àrùn Kòrónà sún láti ọdún 2020 sí 2021, ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta ló gbá badminton. Dorcas Àjọkẹ́ Adéṣọ́kàn dá tirẹ̀ gbá láàárín àwọn obìnrin. Godwin Olofua àti Anúolúwapọ̀ Jùwọ̀n Ọpẹ́yọrí jọ gbá tiwọn nínú ìdíje ẹlẹ́ni méjì ti ọkùnrin.

Ẹni tí kò mọ eré náà dáadáa lè rò pé ẹlẹ́ni méjì rọrùn ju ẹlẹ́nìkan lọ, nítorí pé èèyàn méjì ló pín iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gígùn pápá kò yí padà, mítà 13.4 ni. Fífẹ̀ rẹ̀ ló kúrò ní mítà 5.18 tó di 6.1. Àfikún ibẹ̀ kò tó mítà kan, bẹ́ẹ̀ èèyàn mẹ́rin ló wà lórí pápá, bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ náà kì í sì í sinmi. Bí ìkọ̀ kan bá ń gbógun lọ, ọ̀kan á wà níwájú lẹ́bàá nẹ́ẹ̀tì, èkejì á máa fọ́ bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn. Bí ogun bá yí padà, wọ́n á tètè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò sí àyè láti bára wọn sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ẹsẹ̀ ẹnìkínní gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí ẹnìkejì ń lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni máàkì ipò àgbáyé. Orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀ ni àjọ badminton àgbáyé ń kọ ọ́ sí. Bí ọ̀kan bá fara pa, tàbí tí kò rówó ọkọ̀ òfuurufú, èkejì náà jókòó sílé nìyẹn. Bó bá sì mú ẹlòmíràn, ìkọ̀ tuntun ni wọ́n, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìkọ̀ 16 péré ni wọ́n ń wá fún Tokyo. Láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n ti ń ka máàkì, Kòrónà sì fà á dé oṣù kẹfà ọdún 2021. Gbogbo àkókò yẹn ni èèyàn méjì fi gbọ́dọ̀ wà papọ̀.

Olofua àti Ọpẹ́yọrí kò kọjá ìpele àkọ́kọ́ ní Tokyo. Lee Yang àti Wang Chi-lin, ọmọ Taiwan, ló gba wúrà, wọ́n sì tún gbà á ní Paris lọ́dún 2024. Lẹ́yìn náà ni Lee fẹ̀yìn tì. Wang, tó ti gba wúrà lẹ́ẹ̀mejì, ní láti wá ẹnìkejì mìíràn, Chiu Hsiang-chieh.

Ọpẹ́yọrí ní ọ̀nà mìíràn lọ́wọ́ ní tirẹ̀. Òun ló gba ife-ẹ̀yẹ ẹlẹ́nìkan ilẹ̀ Áfíríkà ní Port Harcourt lọ́dún 2019, ó tún gbà á ní 2022 àti 2023. Òun nìkan ló sì dá gbá badminton fún Nàìjíríà ní Paris. Kò sí àyè fún Olofua níbẹ̀.

Ìdíje tó ń dín ìnáwó ọkọ̀ òfuurufú kù fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ni Lagos International, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014. Gbọ̀ngàn Mọlàdé Òkòyà-Thomas ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń gbá a. Ṣùgbọ́n fún ọ̀dọ́ tó ń gbé Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okókomáíkò, Sùúrùlérè gan-an jìnnà. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Marina ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ni ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Okókomáíkò ni wọ́n pète láti fi ṣe òpin rẹ̀. Ẹni tó ń gbá ẹlẹ́nìkan lè dá ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìgbáradì rẹ̀. Ti ẹlẹ́ni méjì gba kí èèyàn mẹ́rin la sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ títì Badagry kọjá, kí wọ́n sì dé lásìkò kan náà.