Ètò Abúlé Aro

Ètò Abúlé Aro jẹ́ ọ̀nà ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo dá sílẹ̀ ní Aro, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn mọ́ inú ọgbà, ó ń gbé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan nínú abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ó sì ń lọ gba ìtọ́jú lójoojúmọ́. Ohun tí ètò náà dúró lé ni pé ibi tí ènìyàn ń gbé àti àwọn tó yí i ká wà lára oògùn rẹ̀.

Ìpìlẹ̀

Ibi tí ìjọba amúnisìn ń kó àwọn aláìsàn ọpọlọ sí tẹ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ti Kàlàbá bẹ̀rẹ̀ ní 1904, ti Yábàá sì tẹ̀lé e ní 1907. Ní Abẹ́òkúta, Lantoro gba àwọn ọmọ ogun tí ọkàn wọn dàrú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1944. Ìtìmọ́lé ni iṣẹ́ irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú inú wọn kò tó nǹkan.

A bí Lambo ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1923. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham, ó sì kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó gba àkóso ilé ìwòsàn tuntun ní Aro, wọn kò tíì kọ́ ọ parí. Àìsí ilé tó tó yìí wà lára ohun tó bí ètò abúlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé ọgbọ́n orí nìkan ni ó bí i.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Abúlé mẹ́rin tó yí ilé ìwòsàn ká ni ó kópa nínú rẹ̀. Àwọn ará abúlé ń gba aláìsàn sílé, wọ́n sì ń gba owó ilé. A yá àwọn kan lówó láti fi kún ilé wọn, ilé ìwòsàn sì gba àwọn mìíràn síṣẹ́. Ilé ìwòsàn fún àwọn abúlé náà ní omi ẹ̀rọ àti ṣáláńgá, ó sì ń bá wọn pa ẹ̀fọn. Ìdí nìyí tí kò fi jẹ́ àánú lásán ni àwọn ará abúlé fi gba àlejò wọn.

Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ìyàwó, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan mìíràn ni yóò bá a gbé, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tí yóò sì mú un padà lọ́sàn-án. Ní ilé ìwòsàn, oògùn ìgbàlódé àti ìtọ́jú oníná mànàmáná ni wọ́n ń lò. Ní abúlé, iṣẹ́ oko, ijó, eré, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọdún ìbílẹ̀ ń lọ bí ó ti yẹ, aláìsàn sì wà láàárín wọn.

Lambo tún gba àwọn adáhunṣe síṣẹ́. Wọn kò rọ́pò dókítà. Wọ́n ń ṣamọ̀nà ìgbòkègbodò àwọn aláìsàn, wọ́n sì ń jẹ́ kí àwọn dókítà mọ ohun tí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ gbà pé ó fa àìsàn náà. Ní ìlú Geel ní Bẹ́ljíọ̀m, àwọn ẹbí ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ilé àjèjì ni aláìsàn ń gbé níbẹ̀. Ní Aro, ẹbí tirẹ̀ ni ó ń bá a wá.

Ìwádìí Cornell àti Aro

Ní 1961, Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀. Ìwé tó ti inú rẹ̀ wá jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé àmì àìsàn ọpọlọ pọ̀ jù ní àwọn abúlé tí ìṣọ̀kan wọn ti túká. Wọ́n tún rí i pé àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún ìsoríkọ́ gẹ́gẹ́ bí àìsàn, síbẹ̀ wọ́n mọ àwọn àmì rẹ̀ dáadáa: àìrí oorun sùn, àìlè jẹun, ẹkún àti àárẹ̀ ọkàn.

Ohun tí a ń wò àti ohun tí a ń gbà gbọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò dùn ún bí lọ́mọ. Ojú ìwòran yìí ni ọ̀pọ̀ fíìmù fi ń wo àìsàn náà. Onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ O. F. Aina, tó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí fíìmù jáde ní 2004, rí i pé agbára àìrí ni a sábà máa ń fi ṣe okùnfà rẹ̀ nínú wọn, tí ìwòsàn sì ń wá láti ọwọ́ adáhunṣe tàbí nípa àdúrà.

Ní 2005, Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà 2,040 ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́. Ìdá 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní eléwu ni aláìsàn ọpọlọ nítorí ìwà ipá, ìdá 82.7 ní ẹ̀rù yóò bà wọ́n láti bá a sọ̀rọ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni Aro wà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé agboolé kan ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú ìwádìí náà.

Lẹ́yìn Lambo

Lambo lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ó sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2004. Tolani Asuni ni ó gba àkóso Aro lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ètò abúlé náà rọlẹ̀: kò rọrùn fún òṣìṣẹ́ ìlú ńlá láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó lè tọ́jú ẹbí rẹ̀. Ilé ìwòsàn náà ṣì wà gẹ́gẹ́ bí ti ìjọba àpapọ̀. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin ayé amúnisìn, gba ìbuwọ́lù Ààrẹ Nàìjíríà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023.