Àbíkú Ọjọ́sí, Aboyún Òní

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, Ẹgbẹ́dá ni mò ń gbé. Ní oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bá mi láti Ìkọ̀tún. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, oyún mi ti pé oṣù márùn-ún." Inú mi dùn, àyà mi sì já, nítorí SS ni ọmọ náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ní kò gbọdọ̀ dé ọsibítù, pé agbẹ̀bí àdúgbò ni yóò gbẹ̀bí rẹ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà, ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ṣùgbọ́n mo mọ ìtàn díẹ̀. Mo ní kí ó jókòó.

Láyé àtijọ́, ọmọ tí eegun bá ń ro lemọ́lemọ́, tí ẹyinjú rẹ̀ ń pọ́n, tó sì kú ní kékeré, àbíkú ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á sọ èyí tó tẹ̀ lé e ní Málọmọ́, Dúrósinmí tàbí Kòkúmọ́. Kì í ṣe àrùn yìí ló pa gbogbo wọn o. Ibà náà pa ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n fòníkú-fọ̀ladìde wà níbẹ̀. Ẹ wo orúkọ yẹn: ó fi òní kú, ó fi ọ̀la dìde. Àwọn bàbá wa rí ìwà àrùn náà. Ìdí rẹ̀ ni wọn kò rí.

Ní 1910, Dókítà James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan láti erékùṣù Grenada, tí hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí bí dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa ni àbùkù náà wà. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ló ti ń wá. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS.

Nígbà tí wọ́n ṣí UCH ní Ìbàdàn ní 1957, ọ̀pọ̀ oníṣègùn ló rò pé ọmọbìnrin SS kì í sábà dàgbà débi tí yóò lóyún. Àwọn dókítà ibẹ̀ rí i pé wọ́n ń lọ́kọ, wọ́n sì ń lóyún. Ní 1972, Hendrickse, Harrison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí jáde lórí irú aboyún bẹ́ẹ̀. Ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́: ẹ̀jẹ̀ a máa gbẹ, ẹ̀jẹ̀ a máa ru, ìrora a máa le nígbà tí oyún bá gbó àti lẹ́yìn ìbímọ. Oògùn ibà, folic acid lójoojúmọ́, ìbẹ̀wò déédéé, àti ẹ̀jẹ̀ fífà síni lára bó bá yẹ, ló ń dín in kù.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ni a ń jogún. Ehlers ará Denmark ní 1901, àti Danlos ará Faransé ní 1908, kọ̀wé nípa àwọn tí awọ ara wọn ń fà bí rọ́bà. Nínú ẹ̀yà rẹ̀ tó ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ilé ọmọ lè ya lásìkò ìrọbí. Àwọn náà kì í ṣe ẹni à ń gbẹ̀bí fún nílé.

Ní 2025, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún ìtọ́jú aboyún SS. Wọ́n ní ewu ikú rẹ̀ tó ìlọ́po 4 sí 11 ti aboyún mìíràn.

Ni mo bá tẹ̀ lé ọmọ mi lọ sí Ìkọ̀tún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ìyá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ìyá ní, "Ṣé wọn ò ní fi abẹ là á?"

Mo ní, "Ìyá, mi ò lè ṣèlérí ìyẹn."

Wọ́n dákẹ́ títí. Nígbà tó yá, wọ́n wé gèlè, wọ́n ní, "Ó dáa. Èmi náà á bá a lọ." Ọsibítù ìjọba tó wà ní Ìgándò ni wọ́n gbà lọ.

Oyún ti pé oṣù mẹ́fà báyìí. À ń ka ọjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fẹ́ra, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ̀yin tí aboyún SS sì wà nílé yín, ẹ má fi í pamọ́. Kí Ọlọ́run sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láyọ̀.