Eérú Kòkó, Láti Ọṣẹ Dúdú Dé Graphene

Kí kòkó tó dé ilẹ̀ Yorùbá, eérú igi àti ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Nígbà tí kòkó gbilẹ̀ ní Oǹdó, àwọn ìyá ọlọ́ṣẹ ò jẹ́ kí èèpo rẹ̀ ṣòfò: wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sun ún, wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, wọ́n á sì sè é pọ̀ mọ́ àdín. Pọ́táṣì inú rẹ̀ ló ń sọ àdín di ọṣẹ.

Pọ́táṣì wúlò fún graphene náà, ìyẹn ìpele kábọ́nù tó fẹ́lẹ́ bí átọ̀mù kan ṣoṣo. Ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ físíìsì Geim àti Novoselov ya graphene sọ́tọ̀ ní Manchester. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Texas fi pọ́táṣì tó mú ju ti ọlọ́ṣẹ lọ lu graphene níhò tíntìntín, kí ó lè gba iná púpọ̀ pamọ́.

Èèpo kòkó ò wọ́n nítòsí FUTA, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ pe àwọn ìyá ọlọ́ṣẹ Oǹdó wọ yàrá ìwádìí, kí wọ́n jọ wò ó bóyá pọ́táṣì eérú kòkó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí.