Aryabhata àti Ìdọ́gba Tí Ìdáhùn Rẹ̀ Gbọ́dọ̀ Jẹ́ Odidi

Bí a bá ní 37 lọ́nà x, tí a yọ 10 lọ́nà y kúrò nínú rẹ̀, tó wá ku 1, kí ni x, kí sì ni y? Ẹni tó bá gba ìdá láàyè, ìdáhùn kò ní í wọ́n ọn. Ọjọ́ tí a bá ní odidi nọ́ńbà nìkan la fẹ́ ni iṣẹ́ dé.

Orúkọ Diophantus, tó gbé ní Alẹkisáńdíríà nílẹ̀ Íjíbítì ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta, ni ayé fi ń pe irú ìdọ́gba yìí. Bẹ́ẹ̀ Diophantus gba ìdá wọlé nínú ìdáhùn tirẹ̀. Aryabhata ará Íńdíà ni mo rò pé ìyìn náà tọ́ sí. Ọdún 476 ni wọ́n bí i, ẹni ọdún 23 ló sì jẹ́ nígbà tó kọ ìwé Aryabhatiya ní 499. Ẹsẹ ewì méjì péré nínú ìwé náà ló fi sọ ọ̀nà tí a fi ń yanjú irú ìdọ́gba yìí, ó sì ṣe é ní ṣókí débi pé àlàyé tí Bhaskara Kìíní kọ sí i ní 629 ló là á yé ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìràwọ̀ wíwò ló fà á. Aryabhata gbà pé láàárín 4,320,000 ọdún, gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti yípo ní iye tó pé, láìṣẹ́kù. Tí a bá wá rí ibi tí ọ̀kan wà lónìí, ọjọ́ mélòó ló ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ iye ọdún náà? Ìdọ́gba olódidi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi 37 àti 10 ṣe é. 10 wọ inú 37 lẹ́ẹ̀mẹta, ó ku 7. 7 wọ inú 10 lẹ́ẹ̀kan, ó ku 3. 3 wọ inú 7 lẹ́ẹ̀mejì, ó ku 1. Ibẹ̀ la ó ti ṣẹ́rí padà: 1 jẹ́ 7 tí a yọ 3 méjì kúrò nínú rẹ̀, 3 jẹ́ 10 tí a yọ 7 kan, 7 jẹ́ 37 tí a yọ 10 mẹ́ta. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, 37 mẹ́ta, ìyẹn 111, yóò fi 1 ju 10 mọ́kànlá lọ. x jẹ́ 3, y jẹ́ 11. Ẹ fi 10 kún x, kí ẹ fi 37 kún y, 13 àti 48 náà yóò bá a mu. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ láìlópin. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 6 àti 4 ni, kò sí odidi tó lè mú kó ku 1, nítorí 2 pín àwọn méjèèjì.

Euclid, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì, ti mọ pínpín yẹn ní nǹkan bí 300 ṣáájú ìbí Kristi. Ṣíṣẹ́rí padà láti fi wá x àti y ni Aryabhata fi kún un. Nílẹ̀ Yúróòpù, Bachet ọmọ ilẹ̀ Faransé tẹ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jáde ní 1624, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn Aryabhata.

Ọ̀nà yìí kan náà ni kọ̀ǹpútà ń lò lónìí láti ṣírò kọ́kọ́rọ́ àṣírí RSA, ìyẹn ọ̀nà kan tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ní àṣírí. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dárúkọ Aryabhata fún àwọn ọmọ wa.