Àlàfo Eyín Ló Ń Yan Irinṣẹ́

Lóṣù tó kọjá, wọ́n yọ eyín ẹ̀yìn mi kan. Ó yà mí lẹ́nu, torí pé láti kékeré ni mo ti ń run orín láàárọ̀, mi ò sì fi búrọ́ọ̀ṣì ṣeré. Oníṣègùn eyín ní, "Bàbá, ojú eyín yín mọ́. Àárín wọn ló dọ̀tí." Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá mi padà sídìí iṣẹ́ mi, ìyẹn ìtàn.

Ìtayín ló dàgbà jù nínú gbogbo wọn. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ojú ìlà tóóró lára eyín àwọn Neanderthal, wọ́n sì gbà pé títa eyín ló fà á. Nílé tiwa, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ti tó ẹni tó jẹ ẹran tán. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ará Amẹ́ríkà kan, Charles Forster, rí ìtayín tí wọ́n ń fọwọ́ gbẹ́ ní Brazil. Ó gbé òwò náà délé, ó ń fi ẹ̀rọ ṣe é ní Maine, ìtayín sì di ọjà pọ́ọ́kú. Ó dáa fún ẹran tó há, àmọ́ igi gan-gan ni. Kò lè ha ẹ̀gbẹ́ eyín tó fún, ó sì lè gún ẹran ìdí eyín.

Òwú ńkọ́? Ní 1819, Levi Spear Parmly, oníṣègùn eyín ní New Orleans, kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a máa fa òwú sílíkì tí a fi ìda pa láàárín eyín. Ní 1882, ilé iṣẹ́ Codman and Shurtleff bẹ̀rẹ̀ sí í ta òwú sílíkì fún iṣẹ́ yìí. Àmọ́ sílíkì wọ́n, ó sì tètè ń já. Ní àwọn ọdún 1940, Dókítà Charles Bass, ní New Orleans yẹn kan náà, fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù rọ́pò rẹ̀.

Èyí tó kéré lọ́jọ́ orí ni búrọ́ọ̀ṣì tíntìntín tí irun rẹ̀ yí wáyà ká. Ní 2016, àwọn oníròyìn pariwo pé ẹ̀rí tó wà fún òwú kò lágbára. Ẹ gbọ́ ná: àìrí ẹ̀rí kì í ṣe ẹ̀rí àìsí, mo ti kọ́ yín bẹ́ẹ̀ rí, àbí? Ní 2019, àwọn olùṣèwádìí Cochrane yẹ àwọn ìwádìí náà wò. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí búrọ́ọ̀ṣì kékeré yìí dín wíwú ìdí eyín kù ju òwú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí náà ò tíì fìdí múlẹ̀ dáadáa.

Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ jà lórí èyí tó dáa jù. Níbi tí àlàfo bá ti gba búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ẹ lò ó, ẹ má fi tipá tì í. Níbi tó bá fún pinpin, òwú ni. Orín kò jẹ̀bi o. Ojú eyín ni iṣẹ́ tirẹ̀, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwa Yorùbá máa ń yin èjí tó wà níwájú ẹnu, a kì í rántí àwọn àlàfo tó wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni tèmi ti bàjẹ́. Eyín àgbà tó bá lọ kì í padà hù. Ẹ tọ́jú tiyín.