Oòrùn Èkó àti Aago Èkó

Nínú ààwẹ̀ Rámádánì kan, ọmọ kéú mi kan ní Festac Town gbọ́ ìpè ìrun Mọ̀gáríbì láti Àbújá lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó gbé omi, ó mu ún. Ìgbà tí ó bọ́ síta, oòrùn kò tíì wọ̀ lápá Badagry. Ó wá bi mí pé: "Alùfáà, ṣebí aago kan náà ni àwa àti Àbújá ń lò?" Ìbéèrè yìí ní ìtàn nínú.

Kí aago tó dé, oòrùn ni àwọn baba wa ń wò. Àfẹ̀mọ́júmọ́, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́: ibi tí oòrùn dé ni wọ́n fi ń mọ gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrun wa. Bí oòrùn bá yẹ àtàrí, Àìlà wọlé. Bí ó bá wọ̀, Mọ̀gáríbì dé. Ní ìlú Damascus, Ibn al-Shatir, ẹni tí ń ṣọ́ àkókò ìrun ní mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀, ṣe aago olójìji kan ní ọdún 1371 nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ayé rí rogodo bí ọsàn, ó sì ń yí láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Dígírì 360 ni ó ń yí ní wákàtí 24. Èyí jẹ́ dígírì 15 ní wákàtí kan, tàbí dígírì kan ní ìṣẹ́jú 4. Ẹni tí ó bá wà ní ìlà-oòrùn ni ilẹ̀ ń kọ́kọ́ mọ́ bá, òun náà ni ilẹ̀ ń kọ́kọ́ ṣú bá. Ní ọdún 1884, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Washington, wọ́n fi ẹnu kò pé láti Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù ni kí ìkà ti bẹ̀rẹ̀. Èkó fi dígírì mẹ́ta àti díẹ̀ wà ní ìlà-oòrùn Greenwich. Oòrùn wa fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ṣáájú tiwọn.

Oòrùn tiwa yìí ni aago Èkó ń tẹ̀lé tẹ́lẹ̀. Ní July 1, 1905, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di aago Greenwich. Ní July 1, 1908, wọ́n dá a padà sí ti Èkó. Ní January 1, 1914, ọjọ́ tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, wọ́n fi ààbọ̀ wákàtí ṣáájú Greenwich. Ní September 1, 1919, wọ́n sọ ọ́ di wákàtí kan gbáko, òun ni a ń lò títí di òní. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yí aago láàárín ọdún 14; oòrùn kò yẹ̀ kúrò ní ọ̀nà rẹ̀.

Wákàtí kan yìí jẹ́ ti ìlà dígírì 15, ìlà náà kò sì gba inú Nàìjíríà kọjá rárá. Ẹ̀gbẹ́ N'Djamena, olú-ìlú Chad, ni ó gbà. Ìdí nìyí tí aago 12 fi ń lù ní Festac tí oòrùn kò tíì dé àtàrí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ November, ó ń tó nǹkan bí aago 12:30. Ní àárín February, ó ń tó nǹkan bí aago kan. Àbújá fi ohun tí ó lé ní dígírì 4 wà ní ìlà-oòrùn wa, nítorí náà oòrùn ibẹ̀ ń fi ohun tí ó ju ìṣẹ́jú 10 ṣáájú tiwa wọ̀. Mo sọ fún ọmọ náà pé kí ó san ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn padà.

Ilẹ̀ Amuwo-Odofin tẹ́jú pẹrẹsẹ, ọ̀sà àti àbàtà ni ó yí i ká. A kò ní òkè tí yóò bo oòrùn mọ́ wa lójú. Ẹ ri igi gbọọrọ kan mọ́lẹ̀ ní gbangba, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wo òjìji rẹ̀. Yóò máa kúrú títí. Bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, Àìlà ti wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ April àti ìbẹ̀rẹ̀ September, ó ń kù díẹ̀ kí òjìji náà pòórá lọ́sàn-án gangan, nítorí oòrùn ń gba orí wa kọjá.

Kì í ṣe pé kí a sọ aago nù. Aago ni a fi ń bá ara wa ṣe àdéhùn, ṣùgbọ́n oòrùn ìlú tí a wà ni a fi ń kírun. Kí Ọlọ́run gba ìrun àti ààwẹ̀ wa. Àmín.