Ẹ̀rí Ìdálẹ́bi Àtẹ̀yìnwá: Ẹjọ́ Adolf Beck àti Ìdásílẹ̀ Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún Ọ̀ràn Ọ̀daràn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan rí, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Òwe yìí fi hàn pé ẹ̀ṣẹ̀ àná a máa tẹ̀lé ènìyàn wọnú ìdájọ́ òní. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gba èrò yìí wọlé: ìjìyà ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi rí a máa wúwo ju ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ ṣẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ bí a ó ṣe mọ̀ dájú pé ẹni tó dàrán borí yìí gan-an ni ó jalè níjelòó. Ìbéèrè yìí ni ẹjọ́ Adolf Beck gbé dìde ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun tí Òfin Béèrè

Ní ọdún 1836 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là á sílẹ̀ nígbà náà pé a kò gbọdọ̀ fi ìdálẹ́bi àtẹ̀yìnwá han júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú méjìlá tí ń pinnu ẹ̀bi, títí wọn yóò fi dá olùjẹ́jọ́ lẹ́bi lórí ẹ̀sùn tuntun, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá mú ẹ̀rí ìwà rere wá. Òfin ọdún 1871 sì ṣàlàyé ọ̀nà tí a ó gbà fi ìdálẹ́bi náà múlẹ̀. Ohun méjì ni olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ mú wá. Èkíní ni ìwé tí òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ buwọ́ lù, tó sọ kókó ìdálẹ́bi náà. Èkejì ni ẹ̀rí pé ẹni tí ìwé náà dárúkọ ni ẹni tó ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́. Èkíní kò nira. Èkejì ni ìṣòro wà, nítorí pé ọ̀daràn a máa pààrọ̀ orúkọ, ìrántí ẹlẹ́rìí ni a sì sábà máa ń gbẹ́kẹ̀ lé láyé ìgbà náà.

Ẹjọ́ Beck

Ní ọdún 1877, ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní John Smith ni a rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5 nítorí pé ó lu àwọn obìnrin ní jìbìtì. Ní ọdún 1895, irú jìbìtì kan náà tún gbilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin kan tọ́ka sí Beck, ọmọ ilẹ̀ Norway, ní òpópónà. Àwọn mìíràn sì tọ́ka sí i lẹ́yìn náà. Ṣáájú ìgbẹ́jọ́, ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì búra pé Beck ni Smith. Amòye kan nípa ìkọ̀wé náà ní ọwọ́ kan ṣoṣo ló kọ àwọn ìwé ọdún 1877 àti ti 1895.

Beck ní ẹlẹ́rìí pé ilẹ̀ Peru ni òun wà nígbà tí Smith ń ṣẹ̀wọ̀n. Bí Beck kì í bá ṣe Smith, tí ó sì jẹ́ ẹnì kan náà ló kọ gbogbo ìwé wọ̀nyí, a jẹ́ pé ọwọ́ Beck mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà ìgbẹ́jọ́ ọdún 1896, olùpẹjọ́ fi àwọn ẹ̀sùn tó mẹ́nu ba ìdálẹ́bi àtẹ̀yìnwá sílẹ̀, ó sì di àwọn ẹ̀sùn yòókù mú. Nítorí náà, Adájọ́ Forrest Fulton sọ pé ọ̀rọ̀ ọdún 1877 kò sí níwájú ilé-ẹjọ́. Ìlànà tí a ṣe láti dáàbò bo olùjẹ́jọ́ wá di ohun tó sé ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n rán Beck lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7.

Ohun tó tún burú ni pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fi ìdálẹ́bi àtẹ̀yìnwá múlẹ̀ níwájú júrì, nọ́ńbà ẹ̀wọ̀n Smith ni wọ́n fún Beck ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, pẹ̀lú àmì tó fi hàn pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ní ọdún 1898 ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé a ti kọ Smith nílà abẹ́, a kò sì kọ Beck. Ìjọba yọ àmì náà kúrò, ṣùgbọ́n wọn kò dá Beck sílẹ̀. Ọdún 1901 ni ó tó jáde. Ní ọdún 1904, wọ́n tún dá a lẹ́bi lórí irú ẹ̀sùn kan náà, ṣùgbọ́n adájọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sún ìjìyà síwájú. Nígbà tí Beck wà ní àhámọ́, ọwọ́ tẹ Smith gan-an lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba dárí ji Beck, wọ́n sì fún un ní £5,000.

Ìyípadà tó Tẹ̀lé e

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Láyé ìgbà náà, kò sí ilé-ẹjọ́ tí ẹni tí júrì dá lẹ́bi lè lọ láti sọ pé wọ́n ṣi òun mú. Ẹ̀bẹ̀ sí mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nìkan ló kù. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Sir Richard Henn Collins darí ní ọdún 1904 bẹnu àtẹ́ lu bí a ṣe kọ ẹ̀rí Beck. Ẹjọ́ yìí àti ti George Edalji wà lára ohun tó mú kí a ṣe òfin ọdún 1907 tó dá ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sílẹ̀ fún ọ̀ràn ọ̀daràn. Ilé-ẹjọ́ náà lè yẹ ìdálẹ́bi àti ìjìyà wò.

Bákan náà, láti ọdún 1901 ni àwọn ọlọ́pàá Scotland Yard ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtẹ̀ka dá ọ̀daràn mọ̀. Nígbà tí òfin ọdún 1908 fàyè gba kí a fi ọdún 5 sí 10 kún ìjìyà ẹni tó sọ ìwà ọ̀daràn di bárakú, òfin náà béèrè ìdálẹ́bi 3 ó kéré tán láti ìgbà tí onítọ̀hún ti pé ọmọ ọdún 16, ó sì ní kí júrì fẹnu ara wọn sọ ọ́.

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà jogún ìlànà yìí. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ìwé-ẹ̀rí ìdálẹ́bi láti ilé-ẹjọ́, ó sì gba ìtẹ̀ka pẹ̀lú. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ọdún 2015 sì fi ẹ̀rí ìdálẹ́bi àtẹ̀yìnwá sí ẹ̀yìn ìgbà tí ilé-ẹjọ́ bá ti dá olùjẹ́jọ́ lẹ́bi.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ìwé ìdálẹ́bi kò lè sọ ju pé ẹnì kan ṣẹ̀ lọ. Kí a tó fi ẹ̀ṣẹ̀ náà kún ìjìyà ẹni tó dúró níwájú adájọ́, ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ọn, kí òun náà sì ní àyè láti já ẹ̀rí náà ní koro. Ibi tí a ti gba ẹ̀rí láìdán an wò, bí a ṣe fi nọ́ńbà Smith pe Beck, ẹlẹ́ṣẹ̀ a máa rìn fàlàlà, aláìṣẹ̀ a sì máa ṣẹ̀wọ̀n dípò rẹ̀.